Sikirat Tó Gba Ẹ̀bẹ̀, Tó Tún Gba Lọ́yà

Ní àdúgbò Ìgbóǹnà l'Óṣogbo, bí ẹ bá béèrè Sikirat onídìrí, ìyá Ikhlas, wọn á ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni, pé bí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà ni yóò tún bẹ̀ yín. Ní Ifẹ̀wàrà, wọ́n ní ọ̀dájú obìnrin ni: ó gba ẹ̀bẹ̀ àwọn àgbà tán, ó tún gba lọ́yà. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn tó ń ròyìn yìí tó tíì bi òun fúnra rẹ̀ léèrè.

Iṣẹ́ irun ló gbé e dé orí omi. Ìyàwó tuntun kan ránṣẹ́ pè é láti òdìkejì adágún tí ìjọba sé, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi Akíndélé, ọmọ Ifẹ̀wàrà. Akíndélé sá eré ju bó ti yẹ lọ, ọkọ̀ kọlu kùkùté igi tó wà lábẹ́ omi. Gbogbo èrò ló yọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún Sikirat há sáàárín ọkọ̀ àti igi.

Kò pẹ́ tí Akíndélé fi kó àwọn àgbà ìlú rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀. Baba Fẹ̀hìntọlá, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, ti ń múra àtidọ̀bálẹ̀. Kí ni ọmọlúàbí fẹ́ sọ?

"Ẹ dìde, Bàbá! Mo ti dárí jì í. Mo ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Wọ́n ṣàdúrà, wọ́n jẹ obì, wọ́n lọ. Láti ọjọ́ náà, Akíndélé kò béèrè ọwọ́ náà mọ́. Sikirat pàápàá gbà pé òun ti fi ẹnu ara òun pa ẹjọ́ òun. Ó jókòó sílé, ó ń wo ìka tí kò lè di irun mú mọ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ ń kí i, wọ́n sì ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Salmah, aládùúgbò rẹ̀.

Nígbà tí dókítà sọ pé bí wọn kò bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ sí i, àwọn ìka náà yóò gan pátápátá, Salmah gan-an ló fà á lọ sọ́dọ̀ lọ́yà.

"Àwọn oníbàárà rẹ ti fẹ́ pa mí, Sikirat! Jọ̀ọ́, wá lọ gba ọwọ́ rẹ padà."

Lọ́yà Tinúolúwa Awóyẹmí gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin. "Ìyá Ikhlas, ṣé ẹ fọwọ́ sí ìwé kankan fún wọn?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n mo ti ní mo dárí jì í."

"Ẹ má kó ọ̀rọ̀ yín jẹ, mà. Ẹ ti dárí jì í, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ pé kó má sanwó ìtọ́jú ọwọ́ yín. A ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí i, bóyá yóò fẹ́ ká jọ sọ ọ́ lábẹ́lé. Bó bá kọ̀, ilé ẹjọ́ wà, àwọn tí ẹ jọ wọkọ̀ yóò sì jẹ́rìí. Àsìkò tí òfin fún wa kò tíì kọjá, ṣùgbọ́n kò ní dúró dè wá."

Sikirat fi ọwọ́ òsì gbé ọ̀tún lé itan.

"Ó dáa. Ẹ kọ ọ́."

"Lọ́la ni ìwé náà yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Lọ́yà, ìyàwó Akíndélé ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fẹ́ sọ ọmọ náà lórúkọ. Ẹ bá mi jẹ́ kó di ọjọ́ Ajé. Wọ́n pè mí."