Ẹni Tó Dúró fún Mi ní Fìdítì

Mo rántí ìgbà tí Fìdítì ń wá àwọn tí yóò máa ṣọ́ ọ̀nà oko, nítorí àwọn ajínigbé tó ń dààmú àwọn àgbẹ̀. Tógò ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi tó wá ṣe lébìrà ló mú mi wá, ó sì gba ìwé ìgbélùú fún èmi àti ara rẹ̀ kó tó kú. Ìwé náà jẹ́ kí n lè gbé Nàìjíríà láìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n kò sọ mí di ọmọ ìlú. Èmi aláṣejù, wọn ò tíì gbà mí síṣẹ́, mo ti ra bàtà ṣọ́jà. Àwọn ọmọdé ń kí mi bí ọ̀gá ọlọ́pàá, èmi náà sì ń dá wọn lóhùn!

Ìyá onílé wa, tó ń ta ọsàn lẹ́bàá títì, kórìíra bàtà yẹn. Ẹ̀rù ń bà á pé àwọn ajínigbé yóò yìnbọn pa mí. Kò dáhùn ìkíni mi dáadáa mọ́, síbẹ̀ kò fi oúnjẹ dù mí.

Àwọn ọdẹ ìlú ló ń gbani síṣẹ́ náà. Àṣà wọn ni pé àgbà kan láti agboolé rẹ yóò dúró fún ọ, yóò sì kì ọ́ ní oríkì ìdílé yín lójú gbogbo èèyàn. Bí o bá da ìlú, òun ni wọn yóò mú. Nígbà tó kàn mí, èmi nìkan ni mo dúró.

Olórí ọdẹ ní, “Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ dáadáa ni ọ́, a mọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá sá padà sí Tógò, ta la ó mú?”

Mo ti ń yí padà láti máa lọ.

“Èmi ni kẹ́ ẹ wá mú!”

Ìyá onílé ni. Ó ti fi ọsàn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Oríkì ilé bàbá tirẹ̀ ni, kò sì fo ibì kankan. Mo sunkún lójú gbogbo ọdẹ.

Olórí ọdẹ bi í pé, “Ìyá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe?”

“Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò fẹ́ iṣẹ́ yìí fún un rárá, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé kò léèyàn.”

Wọ́n gbà mí. Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ìyá onílé sì ń bá mi jà bí mo bá pẹ́ délé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọn a ní ìgbà wo ni mo fẹ́ sá lọ sí Tógò. Níbo ni kí n sá lọ, nígbà tí ìyá mi wà ní Fìdítì?