Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Fọwọ́ Sí I

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì iléeṣẹ́ kan ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣọ́. Ìsọfúnni tó bá ń jáde níbẹ̀ a máa rìn ní pákẹ́ẹ̀tì-pákẹ́ẹ̀tì bí ẹrù, àdírẹ́sì olùránṣẹ́ a sì wà lára rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà kan ló ń ka ẹrù wọ̀nyí: yóò tú wọn sílẹ̀ ní JSON, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń fi orúkọ síwájú ohun kọ̀ọ̀kan, yóò sì dárúkọ kọ̀ǹpútà tó rán wọn. Ọ̀gá iléeṣẹ́ náà ló rà á. Ó gbà á gbọ́ ju ènìyàn lọ.

Nígbà tí fáìlì àṣírí jò síta, ètò náà dárúkọ kọ̀ǹpútà obìnrin tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá ní ògiri ló lanu tí aláǹgbá fi wọ̀ ọ́, òun sì ti rí ògiri náà. Ó tẹ ìwé gbélé-ẹ fún obìnrin náà. Ó ku kí ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí èsì ètò náà.

"Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò ná, sà."

"Kí lo fẹ́ yẹ̀ wò? Ẹ̀rọ kì í purọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tán náà kì í purọ́."

Obìnrin náà ti ń kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì. "Àǹtí, ṣé kí n máa lọ ni?"

"Jókòó. Ta ló ní kí o dìde?"

Ẹ̀gbọ́n mi tú pákẹ́ẹ̀tì kan wò. Nítorí ahun, wọn kò ra ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ fún àwọn yàrá òkè, tó fi mọ́ ti ọ̀gá. Inú kọ̀ǹpútà obìnrin náà ni ìsọfúnni wọn ń gbà kọjá. Àdírẹ́sì tirẹ̀ ló ń wà lára ẹrù níta, ti ẹni tó ni ín a wà nínú. "Olùránṣẹ́" ni JSON pe àwọn méjèèjì. Bí ètò náà bá sì rí orúkọ kan lẹ́ẹ̀mejì, á mú ti àkọ́kọ́, ìyẹn ti ìta, á ju ìkejì nù láìwúkọ́.

Ó ní kí ọ̀gá fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ọ̀gá rán an. Ètò náà ní obìnrin ẹnu ọ̀nà ló rán an.

"Àléébù kékeré ni. Fọwọ́ sí i, a ó tún un ṣe tó bá yá."

"Mi ò ní fọwọ́ sí i, sà."

"Ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀ yín, sà. Ètò yín ni kò mọ̀ yín."

Ẹ̀gbọ́n mi tún ètò náà ṣe kó lè máa tọ́jú àdírẹ́sì méjèèjì, ó sì tún ka ẹrù ọjọ́ náà. Yàrá àbúrò ọ̀gá ni fáìlì ti jáde.

Ọ̀gá ya ìwé gbélé-ẹ náà. Kò bẹ obìnrin náà. Kò bi àbúrò rẹ̀ léèrè ohunkóhun. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi pa èsì tuntun rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹni tó bá fẹ́ pa á rẹ́ wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lójú òun. Títí di òní, kò tíì sẹ́ni tó wá.