Tíṣà Ọmọ́ṣọlá àti Kérésìmesì Inú Kàtúùnù

Bí ẹ bá dé ìlú wa, ní ẹ̀yìn Akánrán díẹ̀, tí ẹ béèrè tíṣà tó gbọ́ òyìnbó jù, ilé Ọmọ́ṣọlá ni wọn yóò júwe fún yín. Òun náà kò ní jẹ́ kí ẹ gbàgbé. Obìnrin tó ń fi òyìnbó lé ewúrẹ́ kúrò nídìí láfún tí wọ́n sá sóòrùn, ta ni yóò sọ pé kò kàwé?

Ẹgbẹ́ akọrin ni mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Bàbítísì wa. Àga mi kọjú sí kíláàsì àwọn ọmọdé, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ, kì í ṣe àhesọ. Ọdún mẹ́ta ni Ọmọ́ṣọlá ti ń bójú tó àwọn ọmọ náà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ní ọdún kìíní, ó kọ́ wọn. Ní ọdún kejì, ó ra lapítọ́ọ̀pù.

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé báyìí, yóò gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì, yóò tan kàtúùnù Kérésìmesì fún wọn, òun yóò sì lọ jókòó sẹ́yìn, yóò máa tẹ fóònù rẹ̀. Àwọn ọmọ á ya ẹnu sílẹ̀. Nínú kàtúùnù kan, pẹ́pẹ́yẹ ń wá ẹ̀bùn tó sọnù. Nínú òmíràn, ehoro ń wa Bàbá Kérésì jáde nínú yìnyín. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ń já sí: Kérésìmesì fẹ́ẹ́ bàjẹ́, ẹranko kan á sì sáré gbà á là. Ọyẹ́ ń la ètè àwọn ọmọ wa, eruku kún imú wọn, síbẹ̀ bí ẹ bá ní kí wọ́n ya ilé wọn sínú ìwé, yìnyín ni wọn yóò yà sórí páànù, wọn yóò sì ya ihò èéfín sí àárín òrùlé. Ẹ̀yìnkùlé ni ìyá wọn ti ń dáná!

Mo bá a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Tíṣà, ṣé ọ̀rọ̀ Bíbélì wà nínú èyí ṣá?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Kérésìmesì náà ni gbogbo ẹ̀. Àwọn òyìnbó tó gbé e wá ló ṣe é. Ṣé àwa la ó wá mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ ni?"

Mo bá tèmi lọ.

Lọ́dún tó kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọ wa dá sílẹ̀ ń wá ọ̀gá tuntun. Ọmọ́ṣọlá fẹ́ ipò náà dójú ikú. Ó ti rán aṣọ tí yóò fi máa jókòó ní ọ́fíìsì. Kò ku nǹkan kan ju ìwé ìyànsípò lọ, èyí tí Ẹni-Ọ̀wọ̀ Hezekiah, àgbà pásítọ̀ tó ń bójú tó àwọn ìjọ agbègbè wa, ń mú bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́jọ́ ìsìn Kérésìmesì. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: àwọn fẹ́ gbọ́ ohun tó wà lẹ́nu àwọn ọmọ tó ń kọ́, kí àwọn tó fi ìwé náà lé e lọ́wọ́.

Àṣà ìjọ wa ni pé lọ́jọ́ náà, ọmọ tó kéré jù ní kíláàsì ọmọdé ni yóò dúró níwájú gbogbo èèyàn, tí yóò sọ ìtàn ìbí Jésù láìwo ìwé. Nígbà tí a wà ní kékeré, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ń kọ́ wa. Ẹni tó bá fo ibùjẹ ẹran, etí rẹ̀ á gbọ́ ọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kan Ìtùnúolúwa, ọmọ ọdún márùn-ún. Mo ní kí Ọmọ́ṣọlá jẹ́ kí ọmọ náà kọ́ ọ sórí. Ó ní kí ló tún fẹ́ kọ́, ohun tó ti wò nígbà ogún?

Ọjọ́ pé. Ọmọ́ṣọlá wọ aṣọ ọ́fíìsì náà wá. Ìtùnúolúwa gun orí àpótí, ó tẹríba, ó sì lanu láìbẹ̀rù.

"Ní ọjọ́ kan, yìnyín ń já bọ́. Bàbá Kérésì fẹ́ pín ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n òtútù mú un, ó ń sín. Kérésìmesì fẹ́ẹ́ bàjẹ́! Ni ehoro bá pe pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n gun ọkọ̀ tí àgbọ̀nrín ń fà, wọ́n fò lọ sókè, wọ́n sì ń ju ẹ̀bùn sínú ihò èéfín. Kérésìmesì ò bàjẹ́ mọ́. Ẹ ṣeun!"

Àwọn àgbà kan ṣe Àmín. Oorun ló ń kùn wọ́n.

Ẹni-Ọ̀wọ̀ Hezekiah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ọmọ náà. "O ṣeun, ọkọ mi. Ta wá ni wọ́n bí lọ́jọ́ náà?"

Ọmọ náà wo tíṣà rẹ̀. Ọmọ́ṣọlá ń fi apá méjèèjì ṣe bí ẹni tó gbé ìkókó.

"Wọn ò bí ẹnì kankan, sà. Mo wò ó tán."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo fi ìwé orin bojú. Ẹni-Ọ̀wọ̀ wá yíjú sí àwọn ọmọ tó kù, wọ́n ní ta ló lè ràn án lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu mi. Ọmọ tèmi méjèèjì jókòó síbẹ̀ nínú bàtà tuntun. Ọ̀kan ń wo òrùlé, èkejì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ojú tì mí gan-an ni.

Ọwọ́ kan ṣoṣo ló nà sókè, lọ́hùn-ún lẹ́nu ọ̀nà. Mùnírátù ni, ọmọ Lìádì birikila, tó tẹ̀ lé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá nítorí ìrẹsì tí a ó jẹ lẹ́yìn ìsìn, bí àwọn ọmọ tiwa náà ṣe ń lọ jẹ ẹran Iléyá nílé wọn.

"Ànábì Ísà ni, sà, Jésù tẹ̀yin. Màríyámù ni ìyá ẹ̀. Abẹ́ igi dàbínù ló bí i sí."

Díákónì kan fẹ́ jà nítorí igi dàbínù yẹn. Ẹni-Ọ̀wọ̀ gbé ọwọ́ sókè, díákónì náà sì jókòó.

"Ta ló kọ́ ọ, ọmọ mi?"

"Alfa wa ni, sà, nílé kéwú."

"Ṣé lapítọ́ọ̀pù ló fi ń kọ́ yín?"

"Rárá, sà. Wàláà ni. Àti pàṣán."

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ́ṣọlá kò rẹ́rìn-ín, èmi náà kò sì lè rín in. Ẹni-Ọ̀wọ̀ Hezekiah yọ ìwé ìyànsípò náà jáde, wọ́n wò ó, wọ́n sì wo Ọmọ́ṣọlá nínú aṣọ ọ́fíìsì rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Ká ní ẹ̀sìn kan náà là ń ṣe ni, Alfa yẹn ni ǹ bá fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí."

Wọ́n ká a sí méjì, wọ́n tì í bọ inú Bíbélì wọn, wọ́n sì fa síìpù rẹ̀ pa.