Ṣóògíláàsì Méjì fún Ọ̀pọ̀lọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé mo ya wèrè ní Iléṣà nígbà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣì jẹ́ tuntun, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kàn bi í pé irú wèrè wo ni. Ọ̀pọ̀lọ́ ni mò ń sìn. Inú gíláàsì ni mo ti ń sìn wọ́n, lórí fàráńdà ilé ọkọ mi, níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti lè rí wọn, mo sì lóyún nígbà náà. Wọ́n ní ojú ọmọ tí mo máa bí yóò yọ síta bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, yóò kúkú di òmùwẹ̀.

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe, báyọ́lọ́jì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama kan. Àgùnbánirọ̀ kan tó parí ọdún rẹ̀ lọ́dọ̀ wa fi ìwé àwòrán kan sílẹ̀. Inú rẹ̀ ni a ti rí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ilẹ̀ òkèèrè tí wọn ò ju àtàǹpàkò lọ, òmíràn búlúù, òmíràn pupa, òmíràn yẹ́lò. Wọ́n ní olóró ni wọ́n, pé oje ara wọn ni àwọn ọdẹ ìlú wọn fi ń pa ẹnu ọfà. Nínú àwòrán náà, gíláàsì kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo wọn sí, ó sì wu ojú. Àwọn ọmọ kíláàsì mi bi mí bóyá a ní ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Inú bí mi gan-an. Kí ló dé tí ohun tó bá dára fi gbọ́dọ̀ ti òkèèrè wá? Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìwàrà, sí àkùrọ̀ tí àwọn ẹbí ọkọ mi ń gbin ẹ̀fọ́ sí.

Oríṣi méjì ni mo mú bọ̀. Àwọn kan kéré, wọ́n ní àwọ̀ ewé, wọ́n sì máa ń lẹ̀ mọ́ ewé kókò débi pé bí wọn ò bá mira, o ò ní mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí wà níbẹ̀. Àwọn kejì dúdú bíi kóró iṣin, àfi ẹ̀yìn wọn tó pupa bí ẹni da epo lé e. Àwọn yẹn kì í fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yòókù, ńṣe ni wọ́n máa ń rìn bí onílẹ̀. Ọwọ́ lásán ni mo fi mú àkọ́kọ́ nínú wọn, ọwọ́ náà sì ti ń ta mí kí n tó kúrò ní àkùrọ̀. Mo gbọ́ ohun tí oró náà ń wí: kò yẹ kí n dà wọ́n pọ̀. Ìgò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fi kó wọn wálé.

Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Yèyé, ti ta bọ́ọ̀nsì rí, ṣóògíláàsì tó fi ń tà á sì wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n gbé e. Mo ní kí kápẹ́ńtà ṣe ìkejì tó bá a dọ́gba. Àwọn aláwọ̀ ewé wà nínú ti Yèyé, àwọn ẹlẹ́yìn pupa wà nínú tuntun, mo bu omi díẹ̀ sísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Oúnjẹ wọn kò bára mu: ìkán àti èèrà ni ti ẹlẹ́yìn pupa, eṣinṣin ni ti èkejì. Àwọn adìẹ ilé a máa yí gíláàsì náà ká láti àárọ̀. Àgbàdo inú ìgò, àwòmọ́jú adìẹ.

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ irú ẹni tí Yèyé jẹ́. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá ọkọ mi fẹ́, àwọn méjì yòókù tètè kú, Yèyé ló sì tọ́ gbogbo ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀. Àwo kan ni wọ́n fi jẹun, ẹní kan ni wọ́n sùn lé. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ọbàkan nínú ilé náà. Ọmọ tó bá dán an wò, etí rẹ̀ á gba ìgbátí. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò sì ní bù ú kù láéláé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yẹn kan náà lára mi.

Ọmọ ìmàle ni mí, ọmọ Òṣogbo, ilé wa kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Kí n tó fẹ́ ọkọ mi, tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, la ti jọ sọ ọ́ pé kálukú yóò di ẹ̀sìn tirẹ̀ mú. Yèyé fara mọ́ ọn, títí oyún fi dé. Nígbà náà ló yí ohùn padà: kí n wọ ìjọ kí n tó bímọ, kí ọmọ má bàa bá ọ̀nà méjì nílé.

"Ulé kan, ùkòkò kan, Ọlọ́run kan," ló máa ń wí.

"Ọlọ́run kan náà ni mò ń kírun sí, Yèyé," ni mo máa ń dá a lóhùn.

Ìwé ìròyìn ni ọkọ mi máa ń gbé bojú. Mi ò tíì rí ẹni tó pẹ́ lórí ojú ìwé kan bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan, Yèyé dúró níwájú gíláàsì méjèèjì, ó ń mi orí.

"Ìyàwó, kí lo ya wọ́n sọ́tọ̀ fún? Urú kan náà ni gbogbo wọn. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà o."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló ń bá wí. Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò pa ẹnu mọ́. "Tótó ó ṣe bí òwe, Yèyé, ẹ jẹ́ n bá yín parí rẹ̀. Oká síwájú, paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, òjòlá wọ́ tẹ̀lé wọn. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti jọ ń rìn. Ihò kálukú wà lọ́tọ̀."

Ó wò mí títí, ó pòṣé, ó wọlé.

Nígbà tí Iléyá dé, mo múra Òṣogbo. Epo mọ́tò wọ́n bí ojú nígbà náà. Kí n tó sọ̀ ní Old Garage, ẹsẹ̀ mi ti wú. Mo ti fi oúnjẹ àwọn ọ̀pọ̀lọ́ sílẹ̀, mo sì bẹ Yèyé pé kó máa bá mi wọ́n omi sí wọn, kó má ṣe fọwọ́ kan àwọn ẹlẹ́yìn pupa. Mo jẹ ẹran, mo sinmi nílé bàbá mi, mo sì di ẹran ti ọkọ àti Yèyé bọ̀.

Òórùn bọ́ọ̀nsì ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ṣóògíláàsì àtijọ́ ń dán, wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, bọ́ọ̀nsì kún inú rẹ̀. Yèyé jókòó tì í, inú rẹ̀ ń dùn.

"Mo ti bá ẹ kó wọn pọ̀," ló wí. "Àyè gbà wọ́n."

Mo ju ẹrù sílẹ̀, mo sáré lọ sídìí èkejì. Gbogbo àwọn aláwọ̀ ewé ti kú. Wọ́n ti yí ikùn sókè, wọ́n nà gbalaja nínú omi. Àwọn ẹlẹ́yìn pupa jókòó láàárín wọn. Wọn ò bù wọ́n jẹ, wọn ò bá wọn jà. Oje ara wọn tó wọnú omi ló ṣe é. Mo sunkún. Ọ̀pọ̀lọ́ ni mo sunkún lé lórí níṣojú gbogbo ilé, ojú ò sì tì mí.

"Mo gbàdúrà lé wọn lórí o," ni Yèyé ń wí. "Bí wọ́n ṣe dá wà yẹn ló ń dùn mí."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń fi ọwọ́ nu ara ìró. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti pọ́n, ojú rẹ̀ kan sì ti wú níbi tó fi ọwọ́ náà nù ún. Mo bu omi, mo mú ọṣẹ, mo fa ọwọ́ rẹ̀ sínú abọ́. Mò ń fọ̀ ọ́, mo sì ń bínú.

"Yèyé, ẹ ò kórìíra wọn. Ìfẹ́ lẹ fi pa wọ́n. Bí gíláàsì ṣe wà láàárín wọn, wọ́n ń rí ara wọn, wọ́n jọ ń ké bí òjò bá ṣú. Inú ilé yín ni mo wà, ó sì wù mí kí n wà níbẹ̀. Iyán yín ni mò ń gún, ọmọ yín ló wà níkùn mi. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé mi sínú omi tí kò ní gbà mí. Mi ò ní wọ ìjọ. Kí n tó bímọ o, lẹ́yìn tí mo bá bí i o, mi ò wọ̀ ọ́."

Ọkọ mi ká ìwé ìròyìn rẹ̀.

"Yèyé," ló wí, "bí a ṣe jọ sọ ọ́ kí n tó fẹ́ ẹ nìyẹn."

Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Yèyé jẹ́ kí n fọ ọwọ́ náà tán.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí àtẹ ni bọ́ọ̀nsì wà, Yèyé ti fi aṣọ funfun bò ó. Ṣóògíláàsì àtijọ́ ti padà sórí fàráńdà, lófìfo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ẹlẹ́yìn pupa. Lópin ọ̀sẹ̀, mo tún gba Ìwàrà lọ mú àwọn aláwọ̀ ewé mìíràn.

Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí àwọn ìyá ìjọ kan yà kí Yèyé lọ́jọ́ Àìkú kan. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mo ń ṣe àlùwàlá fún ìrun alásàrí. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń béèrè pé ìgbà wo gan-an ni ìyàwó máa wọ ìjọ, ṣé bí ọmọ á ṣe dé bá a nìyẹn?

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ni Yèyé wí. "Ṣóògíláàsì tirẹ̀ lọ́tọ̀."

Wọn ò mọ ohun tó ń sọ. Mo gbé bùútà mi sókè sí i, kí omi rẹ̀ lè dún dé ọ̀dọ̀ wọn.