Ìwé Tí Bunim Kà fún Okgum

Ní abúlé Sangol, ní gúúsù Kòríà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Bunim kàwé. Nígbà tí wọ́n ń wá ìyàwó fún ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ ti fàáké kọ́rí pé òun ò fẹ́ púrúǹtù nílé òun, ni alárinà bá búra pé ọmọ ìlú Bolgyo yìí ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ parí. Irọ́ funfun báláú. Àbúrò Bunim tó jẹ́ ọkùnrin ló lọ sílé ìwé. Bunim ló ń pọn ọmọ, òun ló ń ṣẹ́gi. Ọmọ ogún ọdún ni. Ṣé kó wá dìde lọ́jọ́ ìgbéyàwó kó ní irọ́ ni wọ́n pa? Ta ló jẹ́ dán an wò?

Ó gbé irọ́ alárinà wọlé ọkọ, ó sì ń bọ́ ọ bí ẹní ń bọ́ ẹran ọ̀sìn. Bí ìwé bá dé iwájú rẹ̀, ojú á máa dùn ún. Bí yóò bá lọ sí báńkì, á ti di aṣọ mọ́ ọwọ́ ọ̀tún láti ilé, á ní ọ̀bẹ ló gé òun, kí akọ̀wé jọ̀ọ́ bá òun kọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ nígbẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì panu mọ́ títí tó fi kú. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni irọ́ náà dúró sí, kí ló kàn mí?

Àmọ́ kò dúró síbẹ̀. Ní Sangol, orúkọ ìlú tí wọ́n ti fẹ́ ìyàwó ni wọ́n fi ń pè é. Ìyàwó Ará Bolgyo ni Bunim. Okgum, Ìyàwó Ará Hampyong, ló múlé tì í. Bunim fi ọdún márùn-ún jù ú lọ, Ẹ̀gbọ́n ni Okgum sì máa ń pè é. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni Okgum fi wá ọmọ. Lọ́dún 1977, oyún tó ń wá náà ti pé oṣù mẹ́jọ nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá àwọn ọkùnrin ìgbà yẹn lọ ṣe iṣẹ́ ọ̀nà ní aṣálẹ̀ Sáúdì. Ó bímọ tán, ìkókó ò tíì pé oṣù kan, ni lẹ́tà dé.

Okgum ò mọ̀wé, ìyá ọkọ rẹ̀ náà ò mọ̀ ọ́n. Olórí abúlé ì bá kà á, ṣùgbọ́n ẹnu olórí abúlé ò ní ìlẹ̀kùn. Okgum bá ki lẹ́tà bọ abẹ́ ọ̀já tó fi pọnmọ, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá Bunim.

Ọjọ́ burúkú èṣù gb'omi mu. Ìyá ọkọ Bunim jókòó sórí pèpéle, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó sì na etí. Ojú dídùn ò ṣeé pè lọ́jọ́ yẹn, nítorí àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Bunim ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ níwájú ìyá yìí. Ó tú lẹ́tà. Ó wò ó bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó wá la ẹnu, ó ní ọkọ Okgum kí ilé, ó ní ara òun le, ó ní oúnjẹ ń tó òun jẹ. Nígbà tó rí i pé ojú Okgum ń bẹ̀bẹ̀ fún sí i, ó fi kún un pé: “Ó ní bí atẹ́gùn ibẹ̀ bá ń fẹ́ nírọ̀lẹ́, ẹ̀rín rẹ nídìí ìrẹsì tí ò ń fọ̀ ni òun ń gbọ́ nínú rẹ̀.”

Okgum bú sẹ́kún. Ó nu ojú tán, ó ní kí Ẹ̀gbọ́n jọ̀wọ́ bá òun kọ èsì. Bunim yára ká lẹ́tà náà. Èwo ni kó ṣe? Ó ní, “Ó ní kó o má tíì kọ nǹkan kan o. Wọ́n ń kó wọn lọ síbòmíràn. Tí wọ́n bá débẹ̀, á fi àdírẹ́sì ránṣẹ́.”

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, irin wó lu ọkùnrin náà níbi iṣẹ́. Pósí ni wọ́n gbé wálé.

Okgum ò fẹ́ ọkọ mìíràn. Àwọn alárinà wá, wọ́n wá títí. Èsì kan náà ló ń fún wọn: ọkùnrin tó gbọ́ ẹ̀rín òun láti aṣálẹ̀, ta ni òun fẹ́ tìtorí ẹ̀ gbàgbé? Bunim á gbọ́, á dárí ọ̀rọ̀ síbòmíràn. Ó ń bá a gbin ìrẹsì, ó ń bá a fi iyọ̀ rẹ ẹ̀fọ́ kímṣì, kò sì rí ọjọ́ kan sọ ọ́.

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń bá a. Ti Bunim lórí lẹ́tà yìí lo ọdún mọ́kànlélógójì. Ìjọba ìbílẹ̀ ló dá ẹ̀kọ́ ìwé sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà, ní gbọ̀ngàn tí àwọn arúgbó ti ń sinmi. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hyoju ni tíṣà wọn. Ìyá méjìlá jókòó sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fi iná abẹ́ rẹ̀ mú lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n ń fa lẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bunim, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, kò lè jókòó tì wọ́n. Ọ̀mọ̀wé ni, àbí? Wọ́n fi í ṣe olórí kíláàsì, pé kó máa gbẹ́ pẹ́ńsù, kó máa bu omi gbígbóná tí wọ́n fi ọkà báálì sè fún wọn.

Ẹ̀yìn wọn ló dúró sí, tó fi ojú jí ìwé kọ́. Bó bá délé, á tilẹ̀kùn, á máa kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Lọ́jọ́ kan, ó dé ẹnu ọ̀nà abúlé, ó rí pátákó tó ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, ó sì kà á: Sangol. Ó sunkún lójú títì níbẹ̀. Kò sì sí ẹni tó lè sọ fún, torí ta ni yóò kí ọ kú oríire ohun tó o ti ní o mọ̀ tipẹ́?

Tíṣà bi wọ́n léèrè ohun tó gbé kálukú wá. Ẹnì kan ní kí òun lè mọ bọ́ọ̀sì tí òun fẹ́ wọ̀. Okgum ní lẹ́tà ọkọ òun ni. Ibi tó ti sọ̀rọ̀ ẹ̀rín yẹn, òun fẹ́ fojú ara òun rí i kí òun tó kú. Ni wọ́n bá dà á bò, wọ́n ní ìfẹ́ ń pa arúgbó. Omi báálì dà sí Bunim lọ́wọ́, kò mọ̀ pé ó gbóná.

Nígbà ìkórè, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tíṣà ti lọ, àwọn yòókù ti túká. Okgum yọ lẹ́tà náà nínú ọ̀rá. Ó ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun yóò kà á níwájú kíláàsì.

“Àmọ́ ẹ kà á fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i ná, Ẹ̀gbọ́n. Ẹnu yín ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.”

Bunim gbà á. Ó lè sọ ti àtijọ́, ó mọ̀ ọ́n lórí. Ó tilẹ̀ lè ju lẹ́tà náà sínú ààrò, kó ní ó bọ́ lọ́wọ́ òun. Kí ó tó rò ó já, ojú rẹ̀ ti bà lé ìwé náà, àwọn lẹ́ta ọ̀hún sì ń sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Ó rí ohun tí wọ́n ń sọ. Ikú yá ju ẹ̀sín, wọ́n ń wí. Ikú ò sì wá.

Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, díẹ̀ díẹ̀, ó ń kọsẹ̀, ó ń padà sẹ́yìn.

“Ṣé o ti bí? Ọkùnrin ni àbí obìnrin? Kọ̀wé sí mi kíákíá. Ya fọ́tò ọmọ náà fún mi. Ní kí Ìyàwó Ará Bolgyo bá ọ kọ ọ́, òun ló mọ̀wé. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ béèrè lẹ́tà.”

Okgum ò wo ìwé. Ìka Bunim ló ń wò. Ó mọ irú ìka bẹ́ẹ̀. Bí àwọn méjèèjìlá ṣe ń kàwé nìyẹn.

“Ìgbà wo lẹ kọ́ ọ?”

“Ọdún yìí.”

Okgum sún mọ́ lẹ́tà náà. Ó wá béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín wà. Bunim ní kò sí níbẹ̀, òun ni òun fi kún un. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí.

“Ibi tó ti ní kí n má kọ̀wé ńkọ́?”

Bunim mi orí pé kò sí níbẹ̀.

Okgum gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ra, ó mú pẹ́ńsù. Ìwé náà ń yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bunim na ọwọ́ láti bá a di ìwé náà mú.

“Fi í sílẹ̀,” ni Okgum wí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò bá a sọ̀rọ̀ báyìí rí, bí ẹni ń bá ọmọdé wí.

Bunim ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Okgum tẹ pẹ́ńsù mọ́ ìwé, ó ń kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pẹ́ kó tó parí. Obìnrin ni, ohun tó kọ nìyẹn. Ó ya ojú ìwé náà, ó ká a mọ́ lẹ́tà ọkọ rẹ̀, ó sì dá a padà sínú ọ̀rá.