Akọ̀wé Tí Kì í Wo Ojú

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wí i kó yé yín: n kò fẹ́ràn akọ̀wé náà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbá ọ́fíìsì rẹ̀, kò fìgbà kan kí mi àfi bí mo bá kọ́kọ́ kí i. Oníwèé-Ńlá là ń pè é lẹ́yìn, nítorí ìwé tó ń kọ̀wé sí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tábìlì rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kọ gbogbo ohun tó bá gba ojú ọ̀nà wa kọjá sílẹ̀, èèyàn àti ẹran, kó sì fún oníkálukú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Màlúù tó bá já okùn, "ẹran tó ṣìnà" ni. Wọ́n á fi í sínú ọgbà fún ọjọ́ méje, wọ́n á máa fún un ní koríko títí ẹni tó ni ín á fi dé. Èèyàn tó bá ń wáṣẹ́ kiri, tó níbi tó ti ń bọ̀, "àtìpó" ni, ó lè sùn ní yàrá ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá nílé, tí kò sì lẹ́ni tó lè dúró fún un, "alárìnkiri" ni. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń kó wọn lọ́sàn-án, á lọ dà wọ́n sílẹ̀ lódìkejì odò, níbi tí kò sí ilé kankan. Màlúù sàn jù wọ́n lọ.

Kì í wo ojú èèyàn. Ẹsẹ̀ ló ń wò láti ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Bàtà tó dáa, àtìpó. Gìgísẹ̀ tó sán, alárìnkiri. Á ní òun ti mọ irú wọn kí wọ́n tó lanu, á ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ló rí nínú gìgísẹ̀? Ìgbéraga lásán! Tó bá sì ti fi tàdáwà kọ ọ́, ó parí nìyẹn, àfi bí ìbátan ẹni bá jáde wá dúró fúnni.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá arúgbó kan wọlé, ó fa ewúrẹ́ kan lọ́wọ́. Ikọ́ ti jẹ ohùn rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá," ni bàbá wí.

Akọ̀wé tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ó wo ẹsẹ̀, ó kọ "alárìnkiri". Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí òfin ní kó béèrè: "Ṣé o lẹ́ni tó lè dúró fún ọ?" Àgbàlagbà ló ń pè ní "o" bẹ́ẹ̀ o.

"Mo bí ọmọkùnrin kan," ni bàbá wí. "Ibi tí mo ti ń da ẹran kiri ni mo ti rán an lọ sílé ìwé. Wọ́n ní ó ti di akọ̀wé, wọ́n ní níbí ló ti ń ṣiṣẹ́."

Ìgbà yẹn ni akọ̀wé gbójú sókè. Mo rí ojú rẹ̀, mo rí ti bàbá, etí ńlá kan náà, iwájú orí kan náà. Gbogbo wa la mọ̀ pé akọ̀wé ti kọ ọ́ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ pé ọmọ onílé ni òun, pé bàbá òun ti kú. Ọ̀gá wa kì í fi ọmọ alárìnkiri sórí àga yẹn, ọ̀gá náà sì rèé lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mu tíì.

"Ọmọ náà dà?" ni akọ̀wé béèrè.

Bàbá wò ó títí. "Ó jọ pé ó ti kúrò níbí," ni ó wí.

"Kò lẹ́nìkan," ni akọ̀wé ń kà sókè bó ṣe ń kọ ọ́, kí ọ̀gá lè gbọ́.

Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í burú títí kí á fi í fún ẹkùn pa jẹ. Wọn kò sọ ti bàbá ẹni. Wọ́n fa ewúrẹ́ lọ sínú ọgbà, nítorí ọkọ̀ kì í gbé ẹran, wọ́n sì ti bàbá síta. Ọkọ̀ dé lọ́sàn-án. Mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo ní mò ń lọ sọ fún ọ̀gá.

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá. Wọ́n á lé e."

"Kí wọ́n lé e dànù!"

"Ogójì ẹran ni mo ní," ni bàbá wí. "Mọ́kàndínlógójì ló bá ìwé rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó jókòó." Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ọmọ òun máa ń jẹun lásìkò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tì í gun ọkọ̀, ọkọ̀ gbéra.

Bí mo ṣe yíjú padà, akọ̀wé ló dúró lẹ́yìn mi.

"Ìyá, ta ló ní kẹ́ ẹ máa bá alárìnkiri sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́?"

Ọmọ mẹ́ta ni mò ń bọ́ nídìí iṣẹ́ yẹn. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà."