Maria Ọmọ Aránbàtà

Àṣìṣe tó burú jù tí mo ṣe lẹ́nu iṣẹ́, èmi fúnra mi ni mo lọ jẹ́wọ́ rẹ̀ ní Thamesmead, lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan tí òjò ń rọ̀.

Láíbìrì kan ní Woolwich ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni láti bá àwọn èèyàn wá àwọn baba ńlá wọn nínú ìwé àtijọ́: ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìrìnnà. Kí n tó débẹ̀, mo ti tọ́jú fáìlì ní ọsibítù fún ọdún mọ́kànlá, nítorí náà mo rò pé kò sí ìwé tó lè tàn mí jẹ.

Auntie Lynette wá bá mi. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ Guyana. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n fẹ́, àwọn méjèèjì sì jọ gbé Ìbàdàn pẹ́ débi tí Auntie fi gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Wọ́n ní, "Ìyá tó bí ìyá ìyá mi, Potogí ni, láti erékùṣù Madeira. Ọmọdé ni nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé òun àtàwọn òbí rẹ̀ dé Guyana. Maria de Jesus lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń rán bàtà. Mo fẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un kí orúnkún mi tó sọ pé òun ò lọ mọ́."

Mo kọ orúkọ sílẹ̀. Mi ò kọ ti bàtà.

Láàárín oṣù méjì, mo rí Maria de Jesus kan ní abúlé etí òkun, ọdún rẹ̀ sì bá a mu. Mo tẹ ìwé ìrìbọmi rẹ̀ jáde, mo fi sínú férémù fún Auntie. Auntie sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú lọ sí Madeira.

Nígbà tí ìrìn àjò ku ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀gá mi, Mrs Shah, tó kọ́ mi níṣẹ́, bi mí pé, "Ṣé o ka etí ìwé yẹn?"

Mi ò kà á. Ní Madeira, àlùfáà máa ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ lẹ́yìn ìrìbọmi sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Mo fẹ àwòrán náà tóbi. Wọ́n kọ ọ́ wínníwínní síbẹ̀ pé ọmọ náà kú kó tó pé ọdún kan.

"De Jesus kì í ṣe orúkọ ìdílé," Mrs Shah ní. "Orúkọ ìfọkànsìn ni. Àwọn ọmọbìnrin tó ń jẹ́ ẹ lábúlé kan ṣoṣo lè kún yàrá yìí."

Bí mo ṣe dé ilé Auntie ní Thamesmead nìyẹn. Férémù náà ti wà lára ògiri.

"Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹni tí mo fún yín kì í ṣe ẹni yín."

Wọ́n wo férémù náà. "Mo ti ń kí i láràárọ̀. Ọmọ ta wá ni?"

"Ọmọ apẹja kan. Ó kú ní kékeré."

"Apẹja kẹ̀? Ṣé mi ò sọ fún ẹ pé bàbá rẹ̀ ń rán bàtà ni?"

"Ẹ sọ ọ́, mà. Èmi ni mi ò kọ ọ́."

"Nígbà tí mo ń ṣe nọ́ọ̀sì, ohun tí aláìsàn bá sọ bí ẹni ń ṣeré gan-an ni mo máa ń kọ." Wọ́n nawọ́ ife tíì sí mi. "Ọ̀sẹ̀ méjì ṣì kù. Mu tíì ẹ, kó o padà sẹ́nu iṣẹ́."

Mo pa orúkọ tì, mo ń wá iṣẹ́ bàbá. Sapateiro ni Potogí ń pe aránbàtà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo rí ọ̀kan nínú ìwé ìrìnnà: Manuel, aránbàtà, òun àti Ana ìyàwó rẹ̀ àti Maria ọmọ wọn, wọ́n ń lọ sí Guyana. Láti ibẹ̀ ni mo ti bá ìwé ìrìbọmi ọmọ náà, ní abúlé orí òkè tó jìnnà sí òkun. Mo ka etí ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò kọ ikú kankan síbẹ̀. Mrs Shah náà kà á.

Nígbà tí Auntie dé abúlé náà, wọ́n pè mí lórí fóònù. "Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa, àlùfáà ò sí nílé. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo pe orúkọ wọn sókè: Manuel, Ana, Maria. Ajá kan ṣáà ń wò mí."

Mo rẹ́rìn-ín.

"Mo sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí òkun," wọ́n ní, "mo pe Maria kejì náà, ọmọ apẹja."

"Kí ló dé, mà? Kì í kúkú ṣe ẹni yín."

"Kò bímọ. Ta ló tún máa wá a wá?"